Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àpérò tó yí ìjọba padà ní Kútọnu

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àpérò lásán ni wọ́n fi gba agbára lọ́wọ́ Ààrẹ Kérékou ní Bẹ̀nẹ̀. Àwa náà ṣe tiwa l'Ábùjá ní 2014, a jẹ, a mu, a tú ká. Kí ló dé tí tiwọn fi so èso? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ẹ wo ọjọ́ kan ṣoṣo: 25 oṣù Kejì, 1990. Ọjọ́ 19 oṣù yẹn ni àpérò ti bẹ̀rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, Kútọnu. Ìmọ̀ràn ni Kérékou rò pé òun pè wọ́n wá gbà òun. Nígbà tó di ọjọ́ keje, àwọn aṣojú dìbò pé ohunkóhun tí àwọn bá fẹnu kò sí ti di àṣẹ, àti pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ náà. Àpérò Ábùjá kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Aṣojú 492 ló jókòó lábẹ́ Adájọ́ Idris Kutigi, àbá tí wọ́n kó jọ sì lé ní 600, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ààrẹ àti Ilé Aṣòfin ló kù sí kó tó lè di òfin. Ìdìbò 2015 dé, ìjọba yí padà, àwọn tó wọlé kò sì mú un lò.

Èkejì wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Kí wọ́n tó tú ká ní Kútọnu lọ́jọ́ 28, wọ́n ti yan àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Nicéphore Soglo, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé rí, di olórí ìjọba fìdíhẹ. Ìgbìmọ̀ Gíga kan tún wà tó ń ṣọ́ ọ, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza tó darí àpérò náà sì ni olórí rẹ̀.

Kí ló mú ológun tó ti wà lórí àga láti 1972 gbà fún wọn? Kò ha lè fi ìbọn tú wọn ká ni? (Ọmọ Sakété)

Owó ló tán. Báńkì ìjọba mẹ́ta dojú dé, òṣìṣẹ́ ń ka oṣù láìgba owó, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yanṣẹ́ lódì ní 1989. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba kéde pé òun ti kọ ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin sílẹ̀. Àpò òfìfo ò bọ́ ṣọ́jà náà. Rédíò sì ń gbé ọ̀rọ̀ inú gbọ̀ngàn sáfẹ́fẹ́, tó fi jẹ́ pé bó bá lé wọn, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́.

Wọ́n tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Wọ́n fi í sípò Ààrẹ títí di ìdìbò, wọ́n jẹ́ kó dupò, wọ́n sì fún un ní ààbò pé a kò ní pè é lẹ́jọ́. Èyí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Lójú tiwa, owó ọjà náà kò wọ́n jù: ní 24 oṣù Kẹta, 1991, Soglo fi bíi ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún na Kérékou, Kérékou sì kúrò. Ìbò ló tún dá a padà ní 1996.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀ ní Lomé, ní Tógò. Ibo la ti kọsẹ̀? (Ọmọ Ifẹ̀-Ànà kan, Atakpamé)

Ẹ̀yin náà kéde àṣẹ gíga yẹn nínú àpérò tó lọ láti 8 oṣù Keje títí di 28 oṣù Kẹjọ, 1991, ẹ sì yan Joseph Kokou Koffigoh ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n Ààrẹ yín, Eyadéma, ló ṣì ni àwọn ọmọ ogun. Ní 3 oṣù Kejìlá, ṣọ́jà ya bo ọ́fíìsì Koffigoh, wọ́n mú un. Àṣẹ tí a kéde láìsí ìlérí àwọn olórí ogun kì í pẹ́. Ọjọ́ pípẹ́ tí ẹ fi ka ẹ̀ṣẹ̀ Eyadéma sí i létí ní gbangba kò sì fi ọ̀nà àbáyọ kankan sílẹ̀ fún un. Orí àga náà ló wà títí tó fi kú ní 2005.

Bí a bá fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí ló kọ́kọ́ yẹ ká ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, Èkó)

Ẹ pín àga kí ẹ tó pín ọ̀rọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Robert Dossou, olùkọ́ òfin, darí ló pinnu ẹni tí yóò wá: àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, ẹlẹ́sìn, ológun, àwọn tó wà lókè òkun, títí kan àwọn ààrẹ àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni òfin ìpìlẹ̀: ará ìlú dìbò lé e lórí ní 2 oṣù Kejìlá, 1990, ó sì di òfin ní ọjọ́ 11. Nínú ìbò yẹn, olùdìbò lè gba òfin náà lódindi, ó sì lè gbà á kó yọ ibi tó ní ẹni tó bá máa dupò Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọmọ 40 ọdún tàbí kó ju 70 lọ. Ọ̀pọ̀ gbà á lódindi, Maga, Ahomadégbé àti Zinsou, tí wọ́n ti ṣe olórí rí, sì kúrò nínú eré. Ìdìbò aṣòfin wáyé ní oṣù Kejì 1991, ti Ààrẹ tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́tàlá péré.

Àléébù kan: wọ́n jẹ́ kí olórí ìjọba fìdíhẹ dupò. Ẹni tó ń tọ́jú àpótí ìbò kò yẹ kó máa wá ìbò.

Ṣé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ èrè rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Kétu)

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú kù. Nínú ìdìbò aṣòfin oṣù Kẹrin 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tó ń ti Ààrẹ lẹ́yìn ló pín àga 83. Ẹ wá wo ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀: adájọ́ méje, ìgbìmọ̀ tó ń darí Ilé Aṣòfin yan mẹ́rin, Ààrẹ yan mẹ́ta. Bí Ilé náà bá ti di ti Ààrẹ tán, ọwọ́ kan náà ló yan méjèèje.