Ṣé kí n tún mọ́tò ṣe kí n tó tà á, àbí kí n tà á bó ṣe wà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo. Corolla 2006 ni mò ń wà, tokunbo láti Amẹ́ríkà, ó ti pé ọdún méje lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ tà á báyìí. Alágbàtà kan ní òun á san mílíọ̀nù 2.8 bó ṣe wà, pé ká ní ara rẹ̀ le ni, ì bá tó 3.6. Mẹkáníìkì mi wá kọ ìnáwó sílẹ̀: jíà tokunbo, torí pé ó máa ń ta gìrì bó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, ₦650,000, kíkun gbogbo ara rẹ̀, ₦350,000, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ éésíì, ₦180,000, ṣọ́ọ̀kù iwájú àti páàdì bíréèkì, ₦95,000. Iná ẹ́ńjìnnì (check engine) tó wà níwájú awakọ̀ náà ń tàn. Ṣé kí n ṣe gbogbo ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì kọ yẹn jẹ́ ₦1,275,000, owó tó sì máa fi lé kò ju ₦800,000 lọ, ìyẹn bí alágbàtà bá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ óò tún mọ́tò ṣe fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ óò sì tún fi ₦475,000 ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba mílíọ̀nù 2.8 yẹn náà.

Ọ̀rọ̀ jíà yìí ló ń kọ mí lóminú. Ta ló sọ pé jíà ló bàjẹ́? Ẹ ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Corolla 2006, láti Amẹ́ríkà, tí jíà ń ta gìrì tí iná ẹ́ńjìnnì sì ń tàn: brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú mọ́tò tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti jíà, ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix ti 2005 sí 2008 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, torí brain box yìí kan náà. Ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ nínú rẹ̀ lè sán. Bó bá ti sán, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, jíà á máa ta gìrì, nígbà mìíràn mọ́tò ò ní ṣíná, ó tiẹ̀ lè kú lójú títì. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ jíà rẹ̀ níbòmíràn. Jíà kejì náà ń ta gìrì. Brain box la pààrọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kó kì í sí ihò tó wà lábẹ́ sítíárì, kó ka kóòdù tó ń sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ epo jíà wò fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí mọ́tò wà ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wá fa ọ̀pá epo jíà yọ, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí àbàwọ́n orí aṣọ bá pupa, nǹkan ò tíì bàjẹ́ jù. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, jíà ti ń lọ nìyẹn. Bí ó bá wá jẹ́ brain box, ẹ pààrọ̀ ẹ̀: kò ní tó owó jíà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara ti tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu.

Bí ó bá jẹ́ jíà lóòótọ́, ẹ má rà á. Jíà tokunbo tí wọ́n bá gbé wá láti ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, ta ló mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí? Ẹni tó ń ra mọ́tò ò ní tìtorí ẹ̀ fowó kún owó. Bó bá sì kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ilé ìwé yín ló ń bọ̀. Gbà-ràn-mí-dẹlẹ́rù ni. Ẹ sọ fún oníbàárà pé jíà ń fẹ́ ìtọ́jú, kí ẹ dín owó kù.

Kíkun ara rẹ̀ ńkọ́? Èyí ló burú jù nínú gbogbo ìwé yẹn. Fáàsì bọ́dì, ìyẹn mọ́tò tí wọn ò tíì tún kùn rí, làwọn oníbàárà ń wá. Wọ́n á fi ìka kan ilẹ̀kùn kó-kó-kó, wọ́n á ṣí rọ́bà etí ilẹ̀kùn wò bóyá ọ̀dà ta sí i. Bí wọ́n bá rí ọ̀dà tuntun lára mọ́tò àtijọ́, jàǹbá ni wọ́n á rò. Ẹ jẹ́ kí ojú àpá tó ti há lára rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n bá yín fọ ojú iná iwájú tó ti pọ́n, ó tó.

Ṣọ́ọ̀kù àti bíréèkì, ẹ ṣe é. Kòtò àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá kó sí lá ti gbọ́ gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n yẹn. Bíréèkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Éésíì: bóyá gáàsì lásán ló tán, ẹ jẹ́ kí oníéésíì yẹ̀ ẹ́ wò, bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ti kú, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà pa iná ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà tí oníbàárà bá mú wá á fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ to ìwé mọ́tò jọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, proof of ownership (ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò), láísẹ́ǹsì, inṣọ́ránsì. Inṣọ́ránsì thád pátì, tó ti di ₦15,000 láti 2023, ẹ sọ ọ́ dọ̀tun bó bá ti kú. Ọjọ́ tí ẹ bá gbowó, kí ìyípadà orúkọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ni ọlọ́pàá ń wá.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ̀rọ̀, ẹ kọ kóòdù tó bá gbé jáde ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.