Èsì: Ṣé orúnkún ló parí iṣẹ́ Red Grange?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá orúnkún tó fi ṣèṣe ní 1927 ló parí iṣẹ́ Red Grange nídìí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré. Rárá o; bó ṣe máa ń yọ bọ́rọ́ mọ́ alátakò lọ́wọ́ nìkan ló bá ìṣèṣe náà lọ. Ní October 18, 1924, nígbà tó ṣì wà ní Yunifásítì Illinois, ó gba bọ́ọ̀lù àkọ́gbá tí ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan gbá wá, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì sáré yáàdì 95 láìsí ẹni tó rí i mú balẹ̀; nígbà tí yóò fi tó ìṣẹ́jú 12, ó ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà òpin lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọdún kejì ló wọ Chicago Bears, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun.

Kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 1928, ṣùgbọ́n ó padà sí Bears ní 1929, ó sì di ẹni tó mọ ọ̀nà à ti dènà alátakò dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá ìdíje ọdún 1933: ó rọ̀ mọ́ agbábọ́ọ̀lù New York Giants kan lókè àyà, tapá-tapá, débi pé ọkùnrin náà kò lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bears sì borí pẹ̀lú 23 sí 21.