Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ ló ń jó ewé tẹ̀tẹ̀ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì tí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé ní Ṣùúrùlérè ń gbẹ létí ewé látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ lẹ ń bomi rin wọ́n, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n nítorí òtútù. Ẹ má fi ọ̀rá bo nǹkan kan. Òtútù Èkó kò tó pa tẹ̀tẹ̀. Ti tòmátì gan-an, òru tó tutù ló ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ di èso. Bí òru bá gbóná jù, ṣe ló máa ń rẹ̀ dànù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn lẹ ń bá jà: ó ń fa omi lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe ń rí i fà sókè lọ, etí ewé ló sì kọ́kọ́ ń jóná.

Ẹ kọ́kọ́ wo ebè yín. Ebè gíga tí a kọ nígbà òjò kí omi má baà dágún, òun náà ló ń kó bá ẹ̀fọ́ lásìkò yìí, torí afẹ́fẹ́ ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ oníyanrìn kì í sì í di omi mú. Ẹ wó o palẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú rẹ̀ wọlẹ̀ tó ìnǹṣì 2, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tó jáde ṣe etí yí i ká bí àwo. Ebè mítà 1 sí mítà 3 ń fẹ́ tó lítà 20 lójúmọ́ bí ọyẹ́ bá mú dáadáa: korobá lítà 10 kan kí aago 8 àárọ̀ tó lù, ọ̀kan lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ ti ìka bọlẹ̀. Bí òkè bá tutù tí ibi tí orí ìka dé ṣì gbẹ, ojú ilẹ̀ lásán lẹ fọ̀.

Ẹ wá fi koríko gbígbẹ bò ó, ìnǹṣì 2 sí 3, kó má kan ìdí ẹ̀fọ́. Ìyẹ̀ pákó náà dára, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni kó wà. Bí ẹ bá rò ó pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ ni yóò fi jẹrà, ewé á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ 4 lókìtì, ẹ gbé e jìnnà.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti Lẹ́kí tó ń ka èyí, ẹ tọ́ omi kànga yín wò kí ẹ tó dá ilẹ̀ lẹ́bi. Iyọ̀ inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọra, nǹkan funfun á máa dì sójú ilẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ dà á sí, kó má kan ewé. Tẹ̀tẹ̀ á fara dà á díẹ̀.

Ẹ tún yí ewé tòmátì padà. Bí òkè rẹ̀ bá ní àmì pupa rúsúrúsú tíntìntín, tí abẹ́ rẹ̀ sì ní òwú bíi ti aláǹtakùn, kòkòrò pupa wínníwínní tó fẹ́ràn eruku àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣíbí tíì 1 ọṣẹ olómi sínú omi lítà 1, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, ẹ fi omi ṣàn án láàárọ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ karùn-ún, torí ọṣẹ kì í pa ẹyin rẹ̀. Apakòkòrò ọjà sábà máa ń pa àwọn tó ń pa á jẹ, kó wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ewédú kún un, ẹ gbìn ín sún mọ́ra, kí ẹ fà á tu lọ́sẹ̀ 4 sí 5. Òru tó gùn díẹ̀ lásìkò yìí ń mú un tanná kíákíá, gígé kó tún rúwé kò bá a mu. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi híhó, ẹ ka 1 dé 5, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní hù.