Aṣọ mocap kan ò lè sin gbogbo oníbàárà

Àbúrò, o ní eré àwòrán lo ń fi Blender ṣe n'Ìbàdàn, o fẹ́ ra aṣọ mocap, èyí tó ń gba bí ara ṣe ń rìn sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, o sì ń béèrè bóyá ilé ìwòsàn àti àwọn oníbọ́ọ̀lù náà lè máa gbé iṣẹ́ fún ọ kí owó rẹ lè tètè padà. Má fọkàn sí ìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìrìn ọmọdé wò ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ọba ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ géèmù. Irú kámẹ́rà kan náà ni mo bá níbi méjèèjì, àmọ́ dátà tí ọ̀kan ń pè ní gidi, èkejì á dà á nù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fíìmù ló bí mocap. Vicon tó wà ní Oxford, tí àwọn onífíìmù ń lò káàkiri lónìí, àwọn tó ń wo ìrìn aláìsàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń rà á ní àwọn ọdún 1980. Kámẹ́rà á yí yàrá ká, á máa tan iná infrared tí ojú wa ò lè rí, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí a lẹ̀ mọ́ awọ ara, tí à ń pè ní máákà, á máa dá iná náà padà. Bí kámẹ́rà méjì ó kéré tán bá rí máákà kan lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tó wà. Tí wọ́n bá tò ó dáadáa, kì í fi mìlímítà kan ṣìnà.

Ọwọ́ tó ń lẹ máákà ni iṣẹ́ wà. Ká ní ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn àìlera láti inú ọpọlọ tó ń da ìrìn rú, ló wà níwájú rẹ, tí orúnkún rẹ̀ ń kọjú sínú bó ṣe ń rìn. Wàá fi àtàǹpàkò wá ṣóńṣó egungun ìbàdí rẹ̀ níwájú, wàá wá ẹ̀gbẹ́ orúnkún níbi tó ti ń ká gan-an, ọmọ á sì máa yíra kiri torí ọwọ́ rẹ tutù. Bí máákà orúnkún yẹn bá fi ìwọ̀n orí ìka yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ, kọ̀ǹpútà lè ní itan ọmọ náà lọ́ ju bó ṣe lọ́ lọ. Dókítà sì wà tó máa fi ìwé yẹn pinnu bóyá kí wọ́n gé egungun itan, kí wọ́n yí i, kí wọ́n tún un tò. Ìdí nìyẹn tí physio, oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, fi ń kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ẹsẹ̀ wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ rí bá ta ko ti kọ̀ǹpútà, a ó tú máákà, a ó tún un lẹ̀. Síbẹ̀ awọ ń yọ̀ lórí egungun, pàápàá lórí itan tó lẹ́ran, kò sì tíì sí kámẹ́rà tó mú ìyẹn kúrò.

Àwọn ará géèmù ò bá ọ ja ìjà itan tó lọ́. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ lohun tí wọn ò lè gbà, ojú gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù ló máa rí i. Òṣèré méjì tó wọ̀yá ìjà ló tún burú jù: ọ̀kan á bo èkejì, máákà á pòórá, nígbà tó bá sì yọjú padà, kọ̀ǹpútà á ti máa pe ìgúnpá ẹni yìí ní orúnkún ẹni yẹn. Ìjà tí kò tó ìṣẹ́jú kan lè jẹ odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Ṣírò owó ìyẹn mọ́ iye tí o bá pè fún oníbàárà. Ti ojú tún dá dúró o. Gollum inú fíìmù The Two Towers, 2002, ara òṣèré Andy Serkis ni wọ́n gbà sílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ni àwọn ayàwòrán fi ṣe ojú rẹ̀, wọ́n ń wo ojú Serkis ṣe é. Aṣọ tìrẹ náà ò ní gba ojú.

Ní ti bọ́ọ̀lù, aṣọ mocap kọ́ ni wọ́n ń lò nínú ìdíje. Ní Qatar 2022, kámẹ́rà 12 lábẹ́ òrùlé pápá ló ń tẹ̀ lé ojú ibi 29 lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí, tó wà nínú bọ́ọ̀lù ń ránṣẹ́ tirẹ̀ ní ìgbà 500, gbogbo ẹ̀ torí ọ́fúsáìdì. Owó FIFA nìyẹn. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ bíi Ford náà ń fi mocap wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń nàgà, kí iṣẹ́ má ba ẹ̀yìn àti èjìká jẹ́. Ìyẹn gan-an ló sún mọ́ aṣọ tìrẹ, bí o bá rí ẹni tó máa sanwó.

Aṣọ oní-sẹ́ńsọ̀ tí ò ń wá, irú ti Xsens tàbí Rokoko, kò nílò kámẹ́rà. Òṣèré lè wọ agbádá lé e lórí, kó ṣì máa ka ìrìn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé agbádá á bo máákà mọ́lẹ̀ pátá ni. Oníjó bàtá lè jó níta gbangba. Àmọ́ irin ni ọ̀tá rẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ayé wà lára ohun tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ ibi tó kọjú sí, irin inú dẹ́kìn, irin ojú fèrèsé àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé sì lè dà á láàmú. Mo ti rí apá òṣèré tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn onírin. Òógùn tún ń mú okùn yọ̀, nítorí náà dì í le, kí o sì ṣe calibration, ìyẹn títún sẹ́ńsọ̀ tò sípò, lọ́tun lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan.

Bí ti ilé ìwòsàn bá ṣì ń wù ọ́, wá àwọn olùwádìí ní yunifásítì, kí ẹ jọ fi OpenCap ti Stanford, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìrìn láti inú fídíò, bẹ̀rẹ̀. iPhone méjì ti tó o, kò sí máákà, ọ̀fẹ́ sì ni fún ìwádìí. Kó má di ohun tí dókítà máa fi gé egungun ṣá.

Ti aṣọ, yá ọ̀kan ná bí o bá lè rí i yá. Inú yàrá tí o ti máa ṣiṣẹ́ gan-an ni kí o ti wọ̀ ọ́, má gba ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á. Fi téèpù sàmì sílẹ̀, dúró lé e, rìn yí yàrá ká fún ìṣẹ́jú díẹ̀, padà sórí àmì, kọjú síbi tí o kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí o wá wo ibi tí kọ̀ǹpútà ní o kọjú sí. Bó bá ti yí púpọ̀, gbé e lọ sí yàrá mìíràn kí o tó lọ bá ẹni tó yá ọ jà.