Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èémí Bakitéríà Nínú Adágún Apopka

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Adágún Apopka ní Florida ni mo ti ń bu omi. Mo ń sẹ́ ẹ, mo ń rọ ọ́ sínú ìgò dúdú, mo sì ń wo bí ọ́síjìn ṣe dínkù tó lẹ́yìn wákàtí 24, kí n lè mọ bí bakitéríà inú rẹ̀ ṣe ń mí tó. Ìgò mẹ́ta tí mo rọ lẹ́ẹ̀kan náà kì í bára mu. Nígbà mìíràn, ọ́síjìn á ti tán pátápátá. Níbo ni mo ti ń ṣìṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, Gainesville)

ÌDÁHÙN: Aago mélòó lẹ ń bu omi? Ẹ ò sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an la kọ́kọ́ fura sí. Apopka kò jìn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ, algae (àwọn ohun alààyè wínníwínní aláwọ̀ ewé tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ) sì ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ koríko omi láti 1947. Tí oòrùn bá ti mú, algae á tú ọ́síjìn sínú omi ju bí omi ṣe lè gbà lọ. Omi tó wà ní 28°C kò lè di ju nǹkan bíi mílígíráàmù 7.8 mú nínú lítà kan, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ẹ lè bá 11 níbẹ̀. Ẹ bá dé e mọ́ ìgò bẹ́ẹ̀, èlé yẹn á ya kúrò nínú omi, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí wínníwínní bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀rọ yín kò ní rí i mọ́, ẹ ó sì máa rò pé bakitéríà ló mí i. Ẹ gbé ìgò síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: bí afẹ́fẹ́ bá wà lábẹ́ ìdérí, ẹ da ìgò yẹn nù. Ìdájí ni kí ẹ máa bu omi.

Asẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ fa omi kọjá nínú asẹ́ 0.8 micron (ihò rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) tagbára-tagbára, algae á bẹ́, ṣúgà inú wọn á dà sómi. Àsè dé fún bakitéríà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa kán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ kò ní kọjá, ẹrẹ̀ Apopka sì rọ̀ bí ògì tí kò tíì silẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ ti rú u sókè. Nítorí náà, ẹ máa rọ omi tí ẹ kò sẹ́ sínú ìgò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ sẹ́, kí ẹ sì kọ bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ lọ́jọ́ náà sílẹ̀.

Wákàtí 24 pọ̀ jù. Asẹ́ ti kó àwọn tó ń jẹ bakitéríà kúrò, bakitéríà á wá máa bí sí i láìsí ẹni tó ń dín wọn kù. Ìgò 12 ló tó: mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní wákàtí 3, mẹ́ta ní 6, mẹ́ta ní 12. Ẹ ya ìlà bí ọ́síjìn ṣe ń dínkù láti wákàtí dé wákàtí; ibi tí ìlà bá ti lọ tààrà nìkan ni kí ẹ lò. Inú omi tó gbóná bíi ti adágún ni kí ìgò wà. Ẹ má gbé e sínú àpótí 20°C tí àwọn tó ń yẹ omi ìdọ̀tí wò ń lò, torí tí ooru bá fi 10°C dínkù, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ìṣirò kò le. Kí á ní ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ ní mílígíráàmù 7.4 nínú lítà kan, ó dé 5.0 lẹ́yìn wákàtí 12. 2.4 ló lọ, ìyẹn 0.2 ní wákàtí kan. Ẹ fi 0.375 sọ ọ́ di púpọ̀, torí nínú èémí, ìwọ̀n kábọ́nì 12 ló ń bá ìwọ̀n ọ́síjìn 32 rìn: mílígíráàmù kábọ́nì 0.075 nínú lítà kan ní wákàtí kan.

ÌBÉÈRÈ: Tí a bá ń pẹja níbẹ̀, tí mo sì fi àjẹ̀ gún ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa hó jáde gbulugbulu. Kí nìyẹn? (Òǹkàwé, Orlando)

ÌDÁHÙN: Methane, gáàsì kan tó ń gbiná, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ́síjìn kì í wọnú ẹrẹ̀ ju mílímítà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bakitéríà á yíjú sí nitrate, sí irin, sí sulphate, láti fi wọ́n mí dípò ọ́síjìn. Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá tán, àwọn archaea, ohun alààyè tín-ín-tín mìíràn tí kì í ṣe bakitéríà rárá, á máa pèsè methane. Nínú adágún tó jìn, gáàsì yìí á yọ́ sómi lójú ọ̀nà, bakitéríà á sì jẹ ẹ́. Níbí, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ta ló fẹ́ bá a? Tí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹyin bíbàjẹ́, hydrogen sulphide ni, methane kò ní òórùn. Ẹ má ṣáná síbẹ̀ o.

ÌBÉÈRÈ: Bí omi náà ṣe tutù yọ̀yọ̀ bí ewé yìí, ṣé kì í fa kábọ́nì kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó ń fà á lọ́sàn-án. pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; 7 ni àárín) lè kọjá 9, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì inú omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti inú afẹ́fẹ́ á sì máa wọlé. Lóru, algae àti bakitéríà ń mí, ó tún ń jáde. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan àti ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ìdájí á bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ kálukú. Ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi tún mọ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí òjò ṣú kún un. Kìkì kábọ́nì tó bá rì sínú ẹrẹ̀, tí atẹ́gùn kò sì tún rú sókè, ni adágún fi pamọ́.