Ìpéǹpéjú Màmá Mi Ń Ká Sínú: Ṣé Iṣẹ́ Abẹ Ló Kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 74. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ojú ọ̀tún wọn ti ń ká sínú, irun rẹ̀ sì ń gún ẹyinjú wọn débi pé omi kì í gbẹ níbẹ̀. Mo máa ń bá wọn fi ẹ̀mú tu irun náà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ hù padà. Dókítà ojú ti ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé wọ́n fẹ́ yọ ẹyinjú wọn ni. Kí ni kí a ṣe? *Ọmọ wọn obìnrin, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò yọ ẹyinjú wọn. Ìpéǹpéjú nìkan ni wọn yóò tún ṣe. Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i ni àwọn iṣan tó di ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ mú máa ń dẹ̀, tí etí rẹ̀ yóò sì yí wọnú. Irun kọ́ ló jẹ̀bi, èyí tí ẹ bá sì tu yóò hù padà ní ṣókí, yóò le, yóò sì máa gún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni egbò lára awọ tó mọ́ gara níwájú ẹyinjú, nítorí bí irú egbò bẹ́ẹ̀ bá kẹ̀, àpá funfun tó máa ń fi sílẹ̀ lè ba ìríran jẹ́ títí láé.

Abẹ́rẹ́ ni dókítà sábà máa ń gún sí ìpéǹpéjú náà kí iṣẹ́ abẹ má bàa dun aláìsàn, aláìsàn kì í sùn lọ. Yóò la igun ojú tó wà lápá etí, yóò gé díẹ̀ kúrò nínú ìpéǹpéjú tó ti dẹ̀, yóò fà á le, yóò sì rán an mọ́ etí eegun ibẹ̀. Kì í sábà tó wákàtí kan, ọjọ́ náà ni wọn yóò sì padà sílé. Ojú lè wú fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Bí ó bá jẹ́ pé ìta ni ìpéǹpéjú ẹnì kan yí sí, irú iṣẹ́ abẹ yìí náà ló sábà máa ń tún un ṣe, àyàfi bí àpá iná bá fà á wálẹ̀, tí wọn yóò ní láti lẹ awọ mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ yí síta kò gbọdọ̀ máa nu omijú sísàlẹ̀, nítorí ó ń fa ìpéǹpéjú náà sí i ni. Kí ó rọra nù ún lọ sápá imú.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè fi pílásítà fa ìpéǹpéjú náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó sì fún wọn ní oògùn ìkán-sójú tí ń mú ojú tutù. Ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí omi ọmú kò gbọdọ̀ kan ojú náà. Bí ojú bá pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n lójú, tàbí tí ìríran wọn ṣú, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.