Iná LED mi kò dá ohùn mi mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to iná LED mẹ́wàá mọ́ LM3915, IC (ègé ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀) tó ń darí iná LED, lórí bátìrì volt 9, kí iná lè máa gòkè bí ohùn bá ṣe ń le sí. Mo gba inú resistor 10k (ohun tó ń dín iná kù) fún máìkì kékeré rẹ̀ ní iná, mo sì fi capacitor (èyí tó ń jẹ́ kí ìgbì ohùn kọjá) gbé ohùn wọ ẹsẹ̀ 5 IC náà. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí, kò sí èyí tó tàn. Àfi tí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí máìkì gan-an, iná kan á ṣẹ́jú. Ṣé IC ti jóná ni? Ṣé ó sì lè fi dò-rè-mí hàn mí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ju IC yẹn nù. Ká ní ó ti jóná ni, kò ní ṣẹ́jú. Èmi náà ti tú èyí tí nǹkan kan kò ṣe rí, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tuntun náà dákẹ́ lọ gbári. Ọjọ́ tí mo fi mítà wọn ohun tó ń ti máìkì jáde lójú mi là: bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kò ju nǹkan bíi millivolt 10 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ẹsẹ̀ 6 bá so mọ́ ẹsẹ̀ 7, tí ẹsẹ̀ 4 àti 8 wà ní nẹ́gétíìfù, iná àkọ́kọ́ ń retí nǹkan bíi millivolt 56, èyí tó kẹ́yìn ń retí volt 1.25. Ebi ló ń pa á.

Fi LM358, IC tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, sáàárín máìkì àti LM3915. Máìkì á gba inú capacitor wọ ẹsẹ̀ 3 rẹ̀, níbi tí resistor 100k méjì ti pín volt 9 sí méjì, kí ìgbì ohùn lè rí ààyè gòkè, kó sì rí ààyè sọ̀kalẹ̀. So 100k láti ẹsẹ̀ 1 padà sí ẹsẹ̀ 2. Láti ẹsẹ̀ 2 yẹn, 1k àti capacitor 10 µF á tò tẹ̀ léra lọ sí nẹ́gétíìfù. Ohùn á di ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún. Millivolt 10 á di volt 1, á gòkè dé iná kẹsàn-án! Láti ẹsẹ̀ 1, gba inú capacitor 1 µF wọ LM3915, kí o sì fi 10k so ẹsẹ̀ 5 mọ́ nẹ́gétíìfù.

Kí o tó yọ́ òjé láti fi so wọ́n pọ̀, dojú máìkì dé kí o wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ara páànù rẹ̀ ni nẹ́gétíìfù.

Tí o bá fẹ́ kí iná tò bí àkàbà, so ẹsẹ̀ 9 mọ́ ẹsẹ̀ 3, àmọ́ bátìrì á tètè kú.

Ti dò-rè-mí ńkọ́? Rárá o. Bí ohùn ṣe le tó nìkan ni iná yìí mọ̀. Pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, iye iná kan náà ni wàá rí. Fún ìyẹn, na awọ bàlúùnù bo ẹnu agolo tí o ti gé ìdí rẹ̀, lẹ àfọ́kù dígí kékeré mọ́ ọn, kí o tan lésà sí i kó bọ́ sára ògiri. Kọrin sínú agolo láti ìdí: bí ohùn bá yí, àwòrán tó wà lára ògiri á yí. Má jẹ́ kí lésà náà kan ojú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ èyí tó ta padà láti ara dígí.